Ọjọ́ Tí Mo Pọn Màmá Onílé

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde yẹn, òjò kò rọ̀, oòrùn kò sì yọ. Ojú ọ̀run kàn ṣú dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu tí kò fẹ́ tètè sọ ọ́. Kùrukùru bo ojú irin, ooru sì ti ń mú láti kùtùkùtù. Gbogbo Agége ń rùn fún èèpo obì tó ti jẹrà láti ọjọ́ Jímọ̀, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ kó o dànù lọ́jọ́ ọdún. Nílùú tèmi, bí ojú ọ̀run bá rí báyẹn, kò sí àgbà tó máa gun àpáta. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi mí léèrè. Èmi kàn ru agbọ̀n oúnjẹ ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí èmi, tí mò ń kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, ṣe di ẹni tó ń ru agbọ̀n ọdún àwọn Aládùúrà.

Ẹsẹ̀ àpáta ni wọ́n bí mi sí, ní Òkè-Ògùn. Bíríkìlà ni ọkọ mi, Bàbá Ràmọ́tà. Nígbà tí ìròyìn kàn pé wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá sí Ìkẹjà, ọkọ mi ní ibi tí ilé bá ti ń dìde ni bíríkìlà ń jókòó sí. A kó ẹrù, a dé Agége, a gba yàrá kan. Ọmọ wa, Ràmọ́tà, ṣì ń mu ọmú nígbà náà.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní Agége kì í ṣe rélùwéè. Ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ náà tẹ́ lọ bí ẹní, kò sí òkúta kan tó tó jókòó lé. Nílé, ibi yòówù kí o dúró sí, o ó gbójú sókè wo àpáta, o ó sì mọ ibi tí ilé yín wà. Ní Agége, mo ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ilé wa àti kànga. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ará òkè ò mọ ọ̀nà. Ó dára. Àwọn tí wọ́n bí sórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ mọ ọ̀nà púpọ̀, ẹ máa gbọ́.

Ohun kejì tó dẹ́rù bà mí ni ìkíni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí a dé, mo kúnlẹ̀ kí obìnrin àgbà kan lẹ́nu kànga. Ó bojú wolẹ̀, ó ní, "Kí lo sọnù?"

Iṣẹ́ obì ni mo rí ṣe. Àhéré gbọọrọ kan wà lẹ́bàá ojú irin tí àwa obìnrin máa ń jókòó sí, tí a ó yí òkìtì obì ká. A ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó ṣà á, a ó fi ewé tẹ́ agbọ̀n, a ó dì í fún àwọn Hausa tó ń kó o lọ sókè Ọya. Olórí wa ní kí n máa bó o nìkan, pé ojú mi ò tí ì là tó ẹni tó ń ṣà. Kò pẹ́ tí mo fi ń ju obì tí kòkòrò ti jẹ sẹ́yìn láì tiẹ̀ wò ó. Ó máa ń fúyẹ́ ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ díẹ̀ ni, ọwọ́ mi sì mọ̀ ọ́n. Wọ́n bá gbé mi lọ sídìí ṣíṣà. Kò sí ẹni tó kí mi kú oríire, ṣùgbọ́n wọ́n fún mi ní àpótí tèmi láti jókòó lé. Mo fẹ́ràn àpótí yẹn ju yàrá tí à ń gbé lọ.

Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi tí ẹ ń gbé fóònù sáré lọ tún ṣe ní Ọ̀tígbà nítorí pé ohùn ò jáde dáadáa, ẹ wá gbọ́ irú fóònù tí mo lò. Awakọ̀ lọ́rì kan ni. Mo máa ń sọ fún un pé, "Bá mi sọ fún ìyá mi pé ara mi le." Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, yóò dé: "Ìyá rẹ ní ṣé ò ń jẹun?" Mo tún rán an padà pé mò ń jẹun. Kí ìdáhùn mi tó dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, ebi ọjọ́ tí wọ́n ń bèèrè ì bá ti pa mí, wọn ì bá sì ti sin mí. Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ náà gbé ọ̀já òfì kan dé, ó gùn, ó ki. Ó ní ìyá mi ní kí n fi pọn ọmọ dáadáa, kí n má jẹ́ kó jábọ́ sílẹ̀ onílẹ̀. Mo gbé ọ̀já náà símú. Ó ń rùn fún èéfín ilé wa. N kò fọ̀ ọ́ fún oṣù mẹ́ta.

Láfún ló dá wàhálà sílẹ̀. Nílé, orí àpáta ni a ti ń sá láfún. O ó rẹ ẹ̀gẹ́ sómi títí yóò fi rọ̀, o ó fún omi rẹ̀ dànù, o ó fọ́n ọn sórí àpáta, oòrùn lókè, òkúta gbígbóná nísàlẹ̀, yóò sì gbẹ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Èyí tí mo rà ní Agége ń kan, iyanrìn sì ń dún nínú rẹ̀ bí a bá ń jẹ ẹ́. Mo ní kí n ṣe tèmi. Mo wá àpáta títí, n kò rí. Lọ́jọ́ kan mo gbójú sókè, mo rí páànù orí ilé. Ó gbẹ, oòrùn ń lù ú, adìyẹ ò sì lè débẹ̀. Mo gbé àkàbà ọkọ mi ti ògiri, mo gun orí ilé lọ, mo tẹ́ ẹní síbẹ̀, mo fọ́n láfún mi sí i.

Ibẹ̀ ni mo wà tí Màmá Onílé fi jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Màmá Onílé jẹ́. Opó ni wọ́n, ọkọ wọn ló kọ́ ilé yàrá mẹ́fà náà kó tó kú. Àwọn ni olórí àwọn obìnrin nínú ìjọ Aládùúrà tó wà lẹ́yìn ilé wa. Wọn kì í bú èèyàn rárá. Wọ́n máa ń gbàdúrà fún onítọ̀hún ni, lóhùn òkè, kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́ ohun tó ṣe.

Wọ́n wò mí láti ìsàlẹ̀. "Ìyá Ràmọ́tà, kí lò ń wá lórí ilé mi?"

"Láfún ni mò ń sá, mà."

"Ṣé kò sí ilẹ̀ ni?"

"Ilẹ̀ wà, mà. Àwọn adìyẹ yín náà wà níbẹ̀."

Bóyá kò yẹ kí n fi ti adìyẹ kún un. Màmá Onílé fọwọ́ lérán. "Ọkọ mi kọ́ ilé yìí, ó kú, kò gun orí rẹ̀ rí. Ìwọ ará oko ni yóò wá máa rìn lókè orí mi. Kí oṣù yìí tó parí, kí ẹ kó jáde."

Lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, gbogbo ayé ló ń wá yàrá sí Agége nítorí iṣẹ́ Ìkẹjà. Ọkọ mi kiri dé Onígbòǹgbò, ó kiri dé Àgídìngbì, kò rí. Bàbá Ràmọ́tà wá sọ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé bí oṣù bá parí, kí èmi àti ọmọ padà sílé, kí òun máa sùn síbi iṣẹ́. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣebí ilé ni mò ń sunkún fún. Àmọ́ àpótí mi nínú àhéré obì ni ọkàn mi lọ bá. Mo mọ ẹni tó máa jókòó lé e bí mo bá lọ, kò sì mọ obì.

Ìyá Káyọ̀dé tó ń gbé yàrá kejì ló gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ ìjọ Màmá ni, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. "Tẹ̀ lé wa lọ sí Gálílì lọ́jọ́ Mọ́ńdè," ó ní. "Ru agbọ̀n. Tí a bá dé orí òkè, kí o kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Màmá ò ní lè bínú lórí òkè, wọn ò ní í ní èémí tó."

Ẹ mọ Gálílì. Ọjọ́ kejì Àjíǹde ni àwọn onígbàgbọ́ máa ń jáde lọ jẹun síta, nítorí Olúwa wọn ní òun yóò ṣáájú wọn lọ sí Gálílì. Lọ́dọọdún, inú ìgbẹ́ lẹ́yìn Agége ni Gálílì máa ń wà, pẹ̀lú ìrẹsì. Lọ́dún yẹn, Wòlíì ìjọ wọn ríran pé orí àpáta kan lẹ́yìn Abẹ́òkúta ló ṣí lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni Wòlíì náà, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. A wọ rélùwéè láàárọ̀ kùtù náà, wọ́n ń kọrin, mo gbé agbọ̀n lé itan, mo pọn Ràmọ́tà.

Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ àpáta náà, mo sọ agbọ̀n kalẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. Ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, bí i ti ilé gẹ́lẹ́. Omi lé sí mi lójú. Ìyá Káyọ̀dé bi mí pé kí ló dé, mo ní ata inú agbọ̀n ni. Mo ṣa òkúta kékeré kan nílẹ̀, mo so ó mọ́ etí ìró mi.

Wòlíì gbọ́wọ́ sókè. "Ilẹ̀ mímọ́ la fẹ́ gùn yìí. Ẹ bọ́ bàtà yín."

Gbogbo èèyàn bọ́ bàtà. Màmá Onílé náà bọ́ tiwọn, ṣùgbọ́n wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun kan tó dé orúnkún, tuntun, tí wọ́n rà fún ọdún náà. Wọ́n fi í sílẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Mo sún mọ́ wọn. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn náà. Àpáta kì í fẹ́ aṣọ lẹ́sẹ̀."

"Bàtà ni Ọlọ́run ní kí Mósè bọ́. Kò dárúkọ ìbọ̀sẹ̀."

"Bóyá Mósè ò ní, mà."

"Ru agbọ̀n rẹ, Ìyá Ràmọ́tà."

Mo ru agbọ̀n mi.

Òkè náà kò ga tó ti ìlú wa, ṣùgbọ́n n kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń mí helehele, wọ́n ń yin Ọlọ́run ní gbogbo ibi tí ó bá ti yẹ kí wọ́n sinmi. A dé orí rẹ̀, wọ́n gbàdúrà, wọ́n jẹ ìrẹsì. Mò ń wá àyè tí n ó fi kúnlẹ̀ bẹ Màmá Onílé, àmọ́ ìgbà tí ẹnu wọn bá ti ń jẹun ni ti Wòlíì ń sọ̀rọ̀, ìgbà tí Wòlíì bá sì dákẹ́, àwọn náà a bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ibẹ̀ la wà tí ẹ̀kán òjò kan fi bọ́ sí mi lápá. Ọ̀run ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ láti àárọ̀.

Wọ́n dìde gììrì, kálukú ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá mọ àpáta mọ̀ pé ibi tó funfun, tó rí gbágungbàgun, ni à ń tẹ̀. Ibi tó dúdú tó sì ń dán, ọ̀nà omi ni, ó máa ń yọ̀ bí ọṣẹ bí omi bá kàn án. Màmá Onílé gba ibi dúdú, nítorí ó tẹ́jú, ó sì dà bí ọ̀nà Agége. Ìbọ̀sẹ̀ funfun yẹn yọ̀. Wọ́n yọ̀ lọ bí ẹni tí wọ́n ń fà lókùn, títí igi kékeré kan tó hù láàárín àpáta fi dá wọn dúró. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹsẹ̀ òsì wọn ti kọjú sí ibi tí ẹsẹ̀ kì í kọjú sí. Wọn ò pariwo. Ojú wọn kàn funfun bí ìbọ̀sẹ̀ wọn.

Wòlíì sọ̀ kalẹ̀ wá. "Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n. Mò ń gbọ́ ohùn kan."

"Kí ni ohùn náà wí?" Ìyá Káyọ̀dé bèèrè.

"Kò tí ì parí."

Òjò ni àwa ń gbọ́ ní tiwa, ó ń bọ̀ láti ọ̀nà ìsàlẹ̀. Mo wo ibi dúdú yẹn. Bí òjò bá dé, ibẹ̀ ni omi gbogbo òkè yóò gbà, igi kékeré yẹn kò sì ní lè dá omi dúró bó ṣe dá Màmá dúró. Àwọn ọkùnrin kan ní kí àwọn sáré lọ yọ ilẹ̀kùn lábúlé, kí wọ́n fi gbé wọn. Ibi tí a gbà gòkè há tó bẹ́ẹ̀ tí àgbò kò lè gbé ìwo rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá, ká má tí ì sọ ilẹ̀kùn.

"Màmá," mo ní, "mo lè pọ̀n yín."

"Kí o pọn ta ni?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Mo bí ẹni tó jù ọ́ lọ."

"Mo mọ̀, mà. Wọn ò sí níbí láti pọ̀n yín."

Ààrá sán. Màmá Onílé wo òkè, wọ́n wo Wòlíì, wọ́n wo ẹ̀yìn mi. Wọ́n ní, "Bẹ̀rẹ̀."

Kì í ṣe agbára ni mo fẹ́ fi ṣe. Láti kékeré ni mo ti ń pọn àpò láfún sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta. A kì í rù ú, nítorí bí ẹrù bá jábọ́ lórí, ẹni tó rù ú ló ń tẹ̀ lé e. Màmá Onílé náà kò sanra. Ẹnu wọn ló wúwo. Mo sọ Ràmọ́tà kalẹ̀, mo gbé e fún Ìyá Káyọ̀dé. Mo bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé Màmá lé mi lẹ́yìn, mo fi ọ̀já òfì ìyá mi gbá wọn mọ́ra. Ọ̀já kan kò tó. Mo ní kí Wòlíì bọ́ àmùrè rẹ̀ fún mi. Ó ń wò mí.

"Bọ́ ọ fún un," Màmá Onílé ní láti ẹ̀yìn mi.

Ó bọ́ ọ. Bóyá ìgbà yẹn ni ohùn náà parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Mo fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀, gìgísẹ̀ ṣáájú, mò ń wá ibi funfun. Ibi tó bá rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jù, mo jókòó, mo fi ìdí wọ́. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Màmá Onílé kò dákẹ́. "Apá ọ̀tún. Rọra. Ṣé o rí ibẹ̀ yẹn? O ò rí i." Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ wọn kọ lu òkúta, wọ́n sì bú sẹ́kún. Ẹ dárí jì mí. Ọmọ ni mo ti ń pọ̀n láti ọdún kan. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti fi ọwọ́ gbá wọn nídìí pẹ́pẹ́, mo ní, "Ó tó, ó tó, má sunkún mọ́."

Ìyá Káyọ̀dé tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa ń wúkọ́. Màmá Onílé kò sọ ọ̀rọ̀ kan mọ́ títí a fi dé ìdajì.

Níbẹ̀ ni mo fara ti àpáta láti mí. Mo rò ó pé ibi tí mò ń wá láti àárọ̀ nìyí. "Màmá," mo ní, "ọ̀rọ̀ yàrá wa…"

"Ṣé ẹ̀yìn rẹ ni wàá ti dá mi lẹ́jọ́? Bí mo bá kọ̀ ńkọ́, ṣé wàá tú ọ̀já ni?"

"Rárá o, mà. Mo kàn lè sinmi pẹ́ díẹ̀ ni."

Mo gbọ́ tí èémí kan jáde ní imú wọn. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ìrora. "Sinmi tó bó o ṣe fẹ́," wọ́n ní. Mo tún gbéra.

Nísàlẹ̀, bàbá kan wà lábúlé tó máa ń to egungun. Wọ́n to ti Màmá Onílé, wọ́n fi ọparun há a, wọ́n dì í. Mo jókòó sábẹ́ àtíbàbà, mò ń fún omi òjò kúrò lára ìró mi. Àwọn ará abúlé ń bi mí pé ta ni mo jẹ́ sí wọn. Mo ronú. N kì í ṣe ọmọ wọn, n kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn, lọ́jọ́ díẹ̀ sí i n kò ní í ṣe ayálégbé wọn mọ́. Mo ní, "A jọ ń gbé ni." Kò sí irọ́ níbẹ̀, oṣù ò tí ì parí.

Mo wo òkè yẹn nígbà tí òjò dá. Nínú gbogbo àwa tí a wá láti Agége, èmi nìkan ni kì í ṣe àlejò lórí rẹ̀. Ó wá yà mí lẹ́nu pé mò ń bèèrè aago tí rélùwéè máa dé, pé mo fẹ́ tètè délé, àti pé Agége ni mò ń pè bẹ́ẹ̀.

Nínú rélùwéè, Wòlíì dìde ṣe ìdúpẹ́. Ó ní òun fojú ara òun rí i bí áńgẹ́lì ṣe gbé Màmá Onílé sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tí ẹsẹ̀ áńgẹ́lì náà ò kan ilẹ̀. Gbogbo wọn ṣe àmín. Ti Màmá Onílé ló dún jù. Áńgẹ́lì náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fún ọmọ lọ́mú, ẹ̀yìn ń dùn ún. Kò sí ẹni tó dá ọ̀já òfì rẹ̀ padà fún un títí a fi dé Agége.

Ní ọjọ́ kejì, oòrùn yọ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan lánàá. Ẹ̀gẹ́ tí mo ti rẹ sílẹ̀ ṣáájú ọdún ti rọ̀ nínú ìkòkò, bí mi ò bá sá a lọ́jọ́ yẹn, àfi kí n dà á nù. Ọkọ mi wò mí bí mo ṣe ń fún omi rẹ̀. "Lẹ́yìn gbogbo èyí? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé wa jáde lónìí ni?"

"Bí a ó bá lọ," mo ní, "a ó gbé láfún lọ."

Mo gbé àkàbà ti ògiri, mo gòkè. Páànù dún gẹ̀ẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, gẹ́lẹ́ lókè yàrá tí Màmá Onílé dùbúlẹ̀ sí. Mo dúró, mo ń retí àdúrà. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo tẹ́ ẹní, mo fọ́n láfún mi.

Mo ti fẹ́ parí nígbà tí Ìyá Káyọ̀dé jáde láti yàrá Màmá Onílé. Ó gbé ọ̀já òfì mi lọ́wọ́, wọ́n ti fọ̀ ọ́. Ó gbé nǹkan mìíràn dání pẹ̀lú rẹ̀, ó ń ro omi tótó. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi lórí àkàbà, ojú rẹ̀ kún fún ẹ̀rín.

"Màmá ní bó o bá ti wà lókè yẹn náà, kí o bá àwọn sá ìbọ̀sẹ̀ àwọn."

Mo gbà á. Mo tẹ́ ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ láfún mi. Atẹ́gùn ń fẹ́, mo bá tú etí ìró mi, mo yọ òkúta kékeré yẹn, mo fi tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀.